Ojú Bàbá Nínú Abọ́

Ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe pé ó mọ̀ràn ju ẹlòmíì lọ, ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tí wọ́n bi í tí kò dáhùn. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ìwé méjì péré ló kà nípa fọ́tò, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òun àti ìmọ́lẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n gbé fíìmù bàbá òun lọ fún àwọn tó ń fi fọ́tò fífọ̀ jẹun, ẹ̀rín ló rín.

"Kí la fẹ́ máa sanwó fún? Òkùnkùn? Òkùnkùn wà nílé."

Òkùnkùn wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ó fi páálí dí fèrèsé balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ó fi aṣọ ìbora lé e, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń yọjú bí ọmọ tó gbọ́ pé àlejò dé. Ó tún fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé pákó lé àga ìgbọ̀nsẹ̀, ó di tábìlì. Ó gba abọ́ méjì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ àwo. Agolo tí àwọn èèyàn ń ki fíìmù bọ̀ kí wọ́n lè tanná ṣiṣẹ́, ó ní ti ọ̀lẹ ni. Iye tí wọ́n ń tà á ni kò mẹ́nu bà.

Fíìmù ọ̀hún kì í ṣe ohun àwàdà. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ìyàwó rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ya òun. Ó ní fóònù a máa fa imú òun gùn. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ ní ti gbó débi pé ojú ti parẹ́ lára rẹ̀, ó ku kọ́là. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Bàbá tó gbà láti jókòó fún kámẹ́rà àtijọ́ tí Ọ̀mọ̀ràn rà ní àlòkù. Ó sì ti kéde pé òun kò ní jókòó fún èyíkéyìí mọ́ láyé òun. Ọ̀la ló ń padà sílé.

"Omi abọ́ èkíní ló ń fa àwòrán jáde," Ọ̀mọ̀ràn ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. "Tèkejì ni kì í jẹ́ kó sá mọ́. Ṣùgbọ́n tí fíìmù bá kan tèkejì kí tèkíní tó parí iṣẹ́, ó tán nìyẹn. Á mọ́ gaara bí ọ̀rá. Bàbá ò ní sí níbẹ̀."

"Ẹ má dá mi lóró. Ṣé ẹ mọ èyí tó jẹ́ èkíní?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Èyí tó wà nílẹ̀. Tèkejì ló wà lórí pákó."

Ó tilẹ̀kùn, ó pa iná, ó tú fíìmù. Ó di etí fíìmù náà méjèèjì mú, ó rì í bọ omi abọ́ èkíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé apá kan sókè, kó sọ èkejì sílẹ̀, bí ẹni ń jọ̀ nǹkan. Kò gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá dúró, fíìmù á lábàwọ́n. Ìyàwó rẹ̀ gbé aago dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe ìṣẹ́jú fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nínú òkùnkùn yẹn, ìmọ̀ Ọ̀mọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ sá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé omi yìí kò tutù jù? Ṣé òun kò bu omi là á jù, nítorí kó lè pẹ́ kó tó tán? Ṣé ìmọ́lẹ̀ lòun rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, àbí ojú òun ló ń tan òun jẹ? Apá ń ro ó. Òógùn ń kán sínú abọ́, ìwé méjèèjì kò sì sọ nǹkan kan nípa òógùn.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Bàbá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló wà ní balùwẹ̀?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin ló ń fọ̀."

"Kó dá mi dúró ná. Mo fẹ́ tọ̀."

"Ẹ rọ́jú díẹ̀, Bàbá."

"Mo ti rọ́jú tán kí n tó dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn," Ọ̀mọ̀ràn wí láti inú balùwẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Tá ò bá ṣí i, ẹ̀yin lẹ máa nu ọ̀dẹ̀dẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò dúró de èsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kò ní fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó pa gílóòbù, ibẹ̀ ṣú dùdù. "Ó yá, Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ rọra o."

Bàbá wọlé, ó na ọwọ́ síwájú bí olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Ọ̀mọ̀ràn wí, ó sì tẹrí ba nínú òkùnkùn bí ẹni pé ẹnì kan rí i.

"Níbo ni àga wà?"

"Ẹ dúró, sà. Abọ́ wà lórí ẹ̀." Kò lọ́wọ́ tó máa fi gbé e. "Bàbá, ẹ bá mi di eléyìí mú. Ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹ má dúró."

"Kí ni?"

"Ojú yín ni, sà."

Bàbá gbà á, ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ẹni ń fi ọwọ́ darí orin àwọn ọmọ ilé ìwé. "Ṣé ó ń dára?"

"Ó ń dára gan-an, sà," ni ẹni tí kò rí imú ara rẹ̀ wí. Ó gbé abọ́ èkejì kúrò lórí pákó, ó gbé e sílẹ̀, ó yọ pákó, ó gba fíìmù padà, ó yà fún Bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀.

Ibi tó ti yà yẹn ni ẹ̀rù ti bà á dé ọkàn. Abọ́ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mélòó lòun yípo? Ọ̀tún ni èkíní wà ni, àbí òsì? Fíìmù ń kán tó-tó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú ń lọ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ṣì ń gbé e?"

Ọ̀mọ̀ràn kò dáhùn.

"Ọkọ mi, ṣé bàbá mi ṣì wà nínú fíìmù yẹn?"

"Bàbá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ bá mi gbóòórùn àwọn abọ́ yìí. Ọ̀kan ń rùn bí ọtí kíkan, ṣùgbọ́n imú tèmi ò mọ̀ ọ́n yà mọ́. Òun la ò fẹ́."

"Èmi? Kí n máa gbóòórùn abọ́ ní balùwẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó rí yín, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yanjú rẹ̀. Orúnkún Bàbá dún kọ́kọ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó fà á símú lẹ́ẹ̀kan, ó fà á símú lẹ́ẹ̀kejì. "Ti ọwọ́ òsì yìí ń kan."

"Ó dá yín lójú? Kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán..."

"Mo mọ òórùn ara mi, ọmọ yìí." Ó di ọrùn ọwọ́ àna rẹ̀ mú, ó fà á sí abọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún.

Nígbà tí wọ́n tanná níkẹyìn, tí wọ́n fi omi ṣan fíìmù, tí wọ́n sì fi há okùn, àwòrán wà níbẹ̀. Dúdú di funfun, funfun di dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbé àgbọ̀n sókè. Ó mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọ̀mọ̀ràn fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ìwọ̀n omi ni àṣírí rẹ̀. Bàbá wúkọ́, ó ní ọwọ́ tó bá fara balẹ̀ ni àṣírí rẹ̀. Kò sí èyí tó dárúkọ èkejì.

Ìyàwó dé àwòrán tó wà létí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nínú gbogbo àwòrán náà, èyí nìkan ni Bàbá ti rẹ́rìn-ín. Ìlà àtàǹpàkò kan tẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀ gbàgàdà.

"Ìka ta nìyí?"

Bàbá wo àjà. "Ọkọ rẹ ni kò rọra."

Ọ̀mọ̀ràn wo ìka ara rẹ̀, tín-ín-rín bíi ti akọ̀wé. Àlàyé ti dé ètè rẹ̀, ó gún régé, kò lálèébù. Ó gbé e mì.

"Ìka mi ni," ó ní. "Má bínú."

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ súnmọ́ fíìmù, kò jẹ́ kó kàn án. Ó wò ó. Ó wo bàbá rẹ̀, tó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Èyí ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ má gé ìka yẹn kúrò."