Igbó Tíṣà Mọ́ṣádé

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá kọ́lé tí kò da sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá rẹ̀, bí ẹni tó wọ agbádá láìwọ ṣòkòtò ló rí lójú aráyé. Tíṣà Mọ́ṣádé Ògúndèyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn onílé wọ̀nyí nípa ewéko àti ẹranko nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n sì yege dáadáa. Wọ́n ṣèdánwò tán, wọ́n dàgbà, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì gé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́.

Lọ́dún 1986 tó fẹ̀yìn tì, tó kó lọ sílé tuntun rẹ̀ lọ́nà Ìmùṣin, katapílà ti fá ilẹ̀ ibẹ̀ kodoro. Koríko kan kò hù, kòkòrò kan kò ké. Àwọn aládùúgbò ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Òótọ́ ni, orí apárí náà mọ́.

Kàkà kó ra sìmẹ́ǹtì, Ibefun, ìlú ìyá rẹ̀, ló ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Á hú ọ̀dọ́ igi nínú oko àtijọ́, á gbé e wọ takisí nínú garawa ọ̀dà: ọ̀pọ̀tọ́, ìyeyè, ewúro, akòko. Ó fi pèrègún ṣọgbà yí wọn ká. Ó gbé igbá omi sábẹ́ akòko fún àwọn ẹyẹ, ó sì ń da ọkà bàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, ẹ̀gà dé, àdàbà dé, ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fìwé pè náà dé. Láàárọ̀, inú obìnrin náà a máa dùn débi pé tíì rẹ̀ á tutù sí i lọ́wọ́.

Inú Ọ̀gbẹ́ni Walter Ṣóyẹmí ni kò dùn. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé, òun náà sì ni olórí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá tirẹ̀ dé ìdí kànga. Ó tún fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún méjì síwájú ilé, nítorí ẹran tí kì í yàgbẹ́ nìkan ló fẹ́ràn.

"Ìyá Adébùsọ́lá," ló wí fún Mọ́ṣádé lọ́jọ́ kan, "ẹ̀yin tí a fẹ́ fi jẹ Ìyá Ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè! Ṣé inú igbó ni bíṣọ́ọ̀bù á ti wá kí yín? Ẹ gé e. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí ẹ ò gé e, ẹgbẹ́ á bá yín gé e."

Oyè Ìyá Ìjọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti ìgbà tí ọkọ Mọ́ṣádé ti kú, kò sí ohun mìíràn tó tún fẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Síbẹ̀, kò gé igi kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, Walter dé, òun àti lébìrà kan tó ń jẹ́ Bọ́dúnrìn, pẹ̀lú àdá. Walter ló ṣíwájú, kí ayé lè rí akọni. Ó ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀, ó ta igbá omi nípàá, ó sì gbá òkúta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi dànù. Ìgbà náà ló tó wolẹ̀ dáadáa: igbá, ọkà bàbà, akòko lókè, pèrègún yíká.

Bọ́dúnrìn rọra fi àdá sílẹ̀. "Bàbá, èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ta á nípàá."

Ohùn olórí ìgbìmọ̀ di ti ọmọ tó jí ẹran jẹ. "Ìyá Adébùsọ́lá, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí... kí lẹ gbé síbí?"

Mọ́ṣádé mọ̀ pé bí òun bá ti lè ní "omi ẹyẹ ni," orúkọ òun á mọ́, àdá á sì wọlé. Oyè náà wá sí i lọ́kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gà kan tó ń hun ìtẹ́ bí ẹni pé ìyà ò jẹ ẹnikẹ́ni láyé.

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí," ló wí, "ẹ ti fojú ara yín rí i. Kí ni kí n tún sọ?"

Ńṣe ni wọ́n fẹ̀yìn rìn jáde.

Kí ọjọ́ Ìkórè tó pé, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé Tíṣà ń bọ òrìṣà. Wọ́n gbàdúrà fún un gidigidi, wọ́n sì fi oyè náà fún ẹlòmíràn kí àdúrà lè ráyè ṣiṣẹ́. Ta ni ẹlòmíràn? Helen, ìyàwó Walter. Mọ́ṣádé jókòó sẹ́yìn, ó bá wọn kọrin, ó délé, ó sunkún. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Lọ́jọ́ kẹta, Helen kanlẹ̀kùn. Kò tíì wọlé tán tó fi kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣàánú wa, mà. Ẹsẹ̀ tí Bàbá fi ta igbá yẹn ti wú, wọn ò sì gbà ká lọ rí dókítà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ju ti dókítà lọ. Kí la máa mú wá fún un, mà? Ṣé ewúrẹ́ ni, àbí àkùkọ?"

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé bá Mọ́ṣádé, ẹ̀rín wá tẹ̀lé e, ó sì gbé méjèèjì mì.

"Ẹ gbé ọkọ yín lọ sọ́sibítù. Ẹsẹ̀ tó gbá òkúta gbọ́dọ̀ wú. Ní ti ewúrẹ́, kì í jẹ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì ni kò fẹ́ rí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ǹtì nílé Walter. Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló wá gba ẹ̀ka pèrègún tí wọ́n máa gbìn. Mọ́ṣádé ṣà á fún un, ó dì í ní ìdì kan, ó gbé e rù ú, ó sì kí i kú oríire oyè tuntun.