Ẹkùn Ò Ní Wọlé

Bọ́sẹ̀, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú. Mo tún di ọmọdé ní kámpù ọlidé, à ń ṣeré ẹkùn mẹ́ran. A di ara wa lọ́wọ́ mú yí ewúrẹ́ ká. Bí ọwọ́ bá já, ẹkùn á wọlé. Ewúrẹ́ gidi ni o, ó tún wọ bàtà mi! Tíṣà wa ni ẹkùn. Ó ní, “Ẹ jùwọ́ sílẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀.” Gbogbo wọn sáré lọ. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù nínú tèmi, n ò rí ojú ẹni tó ni ín.

Mo ní, “N ò ní jù ú sílẹ̀ láé!”

Ni mo bá jí. Ọwọ́ Bàbá Tóbi ni mo dì mú pinpin. Wọ́n ní, “Ìyá Tóbi, jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

Mo kọ́kọ́ yẹ ẹnu ọ̀nà wò ná, kí n tó jẹ́ kí wọ́n lọ.