Ojú Tó Lọ sí Ìpakodò

"Ẹ dúró ná, Bàbá Mùnírátù. Inú ẹ̀wù yín lẹ yí síta."

Bísíríyù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ pa àyà ẹ̀wù náà wò.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà á rí i ni."

Àpínkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó sì tún un wọ̀ fún un. Kì í ṣe ẹ̀wù lásán. Àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ ló fi dá Bísíríyù lọ́lá níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ojú Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́, òun ló ń wọ ọkọ̀ kiri ọ̀sà láti lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú onílùú, kó sì wá ròyìn rẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bísíríyù kì í da ọ̀rọ̀ pọ̀. Bó bá gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹlòmíràn, á ní, "Wọ́n ní." Bó bá sì rí i, á ní, "Ojú mi ló rí i," ẹni tó ń jiyàn á sì panu mọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú náà ti ń ṣókùnkùn. Àpínkẹ́ mọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn pé, "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Kúbúrá, ara ò le bí?" Ìfẹ́ ló mú kí Àpínkẹ́ bá aṣọ náà dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé ara le. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Iṣẹ́ tọjọ́ yìí sì le. Ogun ti dó ti Ìkòròdú, oúnjẹ ti wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀pẹ́ ló sì lẹ́bí nínú ìlú náà. Lẹ́bàá Ọjà Olúwo, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti kó gàrí àti ẹja gbígbẹ sínú ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kí Bísíríyù lọ wo ẹni tó wà ní Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú. Bó bá pe ọ̀tá ní ará ilé, àwọn ọmọ ọlọ́mọ á lọ, wọn ò ní bọ̀. Bó bá pe ará ilé ní ọ̀tá, ebi á pa àwọn ẹbí wọn kú.

"Èmi náà ń lọ," ni Àpínkẹ́ wí.

"Lọ síbo? Síbi ogun?"

"Àbúrò mi wà ní Ìkòròdú. Láti ọjọ́ yìí tẹ́ ẹ ti ń lọ, ẹ ò mú mi dání rí."

"Mú aṣọ tó nípọn," ni Bísíríyù wí. "Òtútù ń mú lórí ọ̀sà."

Sàlàkọ́, tó máa ń tukọ̀ fún Bísíríyù, ló gbé wọn. Wọ́n sùn ní Agbówà, wọ́n sì gbéra láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n fojú kan Ìpakodò lọ́ọ̀ọ́kán, Bísíríyù dìde nínú ọkọ̀, ó fọwọ́ síjú.

"Sàlàkọ́, yí ọkọ̀ padà. Àwọn ọmọ ogun ló tò létí omi yẹn. Ojú mi ló rí i."

Sàlàkọ́ wo Àpínkẹ́. Kò yí ọkọ̀ padà.

Àpínkẹ́ sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀. "Igi ni, Bàbá Mùnírátù. Igi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí."

Bísíríyù jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe Àpínkẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wù ú kí àwọn igi náà di ọmọ ogun.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kí aṣọ Ìyá Kúbúrá."

"Ó dá mi lóhùn."

"Èmi ni."

Bísíríyù rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ omi wà lójú rẹ̀. "Ó dáa. Sọ ohun tó o rí fún mi. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀."

"Mo rí àwọn obìnrin. Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ojú kì í rí ẹ̀rù. Kí ni ọwọ́ wọn ń ṣe?"

"Wọ́n ń fọ aṣọ. Àwọn kan pọn ọmọ. Wọ́n sì ń bojú wẹ̀yìn lemọ́lemọ́."

"Ìyẹn ni kó o sọ. Ọkùnrin ńkọ́?"

"Àwọn kan jókòó lábẹ́ igi, ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan ń gbé ìkòkò omi ru obìnrin kan."

"Ará ilé ni àbí àlejò?"

Àpínkẹ́ ò mọ̀, kò sì purọ́. Ó ní kí Sàlàkọ́ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, ó wá ké pe orúkọ àbúrò rẹ̀: "Tàwàkálítù!" Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ aṣọ gbórí sókè. "Ta ní ń wá a?" ló bi í. "Ó wà nílé. Ebi ló ń pa á, bó ṣe ń pa gbogbo wa."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Àpínkẹ́ bẹ ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹnu mi ò ní ṣí. Sàlàkọ́ náà ò ní sọ."

"Èmi ò rí nǹkan kan rí," ni Sàlàkọ́ wí.

Bísíríyù ń fọwọ́ pa àyà ẹ̀wù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà pé síwájú mọ́ṣáláṣí. Bàbá Mọ́ṣúdù, olórí wọn, ló bi í: "Ojú Ẹ̀pẹ́, kí lo rí?"

Bísíríyù bọ́ ẹ̀wù oyè rẹ̀, ó táràrà wá èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ fún un. "N ò rí nǹkan kan, bàbá. Ojú mi ti ṣú. Àpínkẹ́ ló rí i."

Àwọn àgbà ń kùn. "Ṣé ọ̀rọ̀ obìnrin la máa fi rán ọmọ wa sójú ogun?" ni Bàbá Mọ́ṣúdù béèrè.

"Ẹ bi í bẹ́ ẹ ṣe ń bi mí. Bó bá sọ ohun tí kò rí, ẹ gba ẹ̀wù yẹn."

Àpínkẹ́ wo etí omi, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti di àjẹ̀ mú tí wọ́n ń wò ó.

"Wọ́n ní ebi ń pa àbúrò mi àti gbogbo ìlú," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ, tí wọ́n pọn ọmọ, ojú mi ló rí wọn."

Bísíríyù gbọ́ "wọ́n ní" yẹn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bàbá Mọ́ṣúdù béèrè ìbọn, ó béèrè iye ọkùnrin, ó tún béèrè ìbọn. Ohun tí Àpínkẹ́ rí, ó sọ. Èyí tí kò rí, ó ní òun ò rí i. Nígbẹ̀yìn, baba náà gbọ́wọ́ sókè sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin.

"Wọ́n ti ń lọ?" ni Bísíríyù béèrè.

"Wọ́n ti ń lọ."

Ó na ọwọ́ sí èjìká ìyàwó rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ojú rírán ẹ̀wù náà. "Àpínkẹ́, ṣé inú ẹ̀wù yìí kọ́ ni mo yí síta?"

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà á rí i ni."