Owó Ọbẹ̀ Orí Rédíógíráàmù

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Clement ti gbàgbé pátápátá. Rosaline, ìyàwó rẹ̀, kò gbàgbé ohunkóhun.

Nígbà tí Clement ṣì jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, kì í fi owó ọbẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Orí rédíógíráàmù, àpótí rédíò ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní pálọ̀, ló ń jù ú sí láràárọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ju eegun fún ajá. Owó ẹyọ á já bọ́, á yí wọ abẹ́ rẹ̀. Rosaline á kúnlẹ̀, á ká apá aṣọ sókè, á tọwọ́ bọ inú eruku. Ọkùnrin yìí á dúró lé e lórí títí ìyàwó á fi sọ pé, "Ẹ ṣé o, Dádì Ẹ̀bùn," kó tó gbé báàgì rẹ̀ jáde. Ìwàkíwà gbáà! Rosaline á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó dáa, ọjọ́ kan ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n kó wá sí Festac, ilé tuntun ló kún ibẹ̀, gbogbo fèrèsé wà ní ìhòòhò. Rosaline ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀, ó fi ra màṣíìnì ìránṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán kọ́tìnì. Kò sí ìyàwó ọ̀gá tó fẹ́ kí kọ́tìnì aládùúgbò dára ju tòun lọ, ni owó bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Síbẹ̀, bàtà kan náà ni Rosaline ń wọ̀ lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò kó owó jọ fún bàtà tàbí wúrà. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de Clement ni.

Ìgbà tó yá, ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ jókòó sílé. Clement wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí àpò rẹ̀ fi gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wọ kóòtù, ó de táì, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ màṣíìnì.

"Rosaline, jọ̀ọ́, bá mi wá owó ọkọ̀. Ẹnì kan ní kí n wá rí òun ní Mazamaza nítorí iṣẹ́."

Inú Rosaline dùn. Ó kọjá lára ọkọ rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó ju owó ẹyọ sórí rédíógíráàmù. Owó já bọ́, ó yí wọ abẹ́ rẹ̀.

Clement wò ó. Ó ti wá rántí wàyí. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀, ló bá na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, táì rẹ̀ ń gbálẹ̀. Clement dọ̀bálẹ̀ níwájú obìnrin tó fẹ́ sílé!

"Mi ò tíì gbọ́ ẹ ṣé."

"O ṣé."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ ṣé, mà."

Ẹ̀bùnlọlá, ọmọbìnrin wọn, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú yúnífọ́ọ̀mù. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá Dádì mú un. Mo mọ ibi tó máa ń yí lọ."

"Fi wọ́n sílẹ̀! Kí wọ́n mú un fúnra wọn."

Orin ni Rosaline fi ránṣọ lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ ọ̀sán dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí oúnjẹ ọdún. Àánú kò ṣe é rárá, èmi ò sì ní bá a wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú owó ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó pè é. "Ẹ̀bùn mi, wá gbà kó o máa lọ."

Ọmọ náà wá. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò wo ojú ìyá rẹ̀, kò sì na ọwọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíógíráàmù, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń wo ibi tí owó máa já bọ́ sí.