Òwú Aláǹtakùn Ẹ̀yìnkùlé Fiulaua

Ẹja ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni Kwalea, ìyàwó Toata, ní òun fẹ́ jẹ kí òun tó kú, ẹja yìí kì í sì í gbé ìwọ̀. Òwú aláǹtakùn ni eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń há sí. Ewé ńlá tí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́, tí atẹ́gùn ń gbé fò lẹ́yìn ọkọ̀, ni ó ń fa òwú náà jó lójú omi. Ní gbogbo ọ̀sà Lau, Toata nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Aláǹtakùn gan-an ni kò sí mọ́. Igbó ìdílé Toata ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, Fiulaua àbúrò rẹ̀ sì ti jẹ́ kí àwọn agégi gé e kanlẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta ni Toata ti búra pé òun kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà àbúrò náà mọ́. Ó fi okùn ọ̀rá dán an wò fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹja ń gbé e, ó ń já bọ́.

"Ẹ̀yìnkùlé Fiulaua ni gbogbo aláǹtakùn sá lọ," ni Kwalea wí láti orí ẹní. "Àbí ìjà yín ti dùn jù mí lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá ará ilé rẹ̀ jà kì í já lù wọ́n lójijì ní Lau. Toata ránṣẹ́ ṣáájú pé òun ń bọ̀ lọ́la. Ohun tí ó ń wá, kò sọ. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, wọ́n ń wí i lójoojúmọ́, ta ló ń gbọ́?

Nígbà tí ó wakọ̀ gúnlẹ̀, ọ̀pá tí ó fi ń ká òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fiulaua sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú omijé.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Mo ti rò pé ó di ọ̀run."

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi!" ni ìyàwó Fiulaua wí. "Láti àná ni mi ò ti sùn. Ẹ ò rí bí ilé ṣe mọ́?"

Toata wo ẹ̀yìnkùlé. Abẹ́ òrùlé, ara igi, kò sí òwú aláǹtakùn kan.

"Àwọn aláǹtakùn ibí ńkọ́?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mo gbá gbogbo wọn, mo dáná sun wọ́n. Ṣé inú jàǹkáriwọ̀ ni n ó ti gbà yín lálejò ni?"

Toata fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Wọ́n gbé kókò àti ẹja inú agolo síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n," ni Fiulaua wí. "Kwalea ńkọ́? Ara rẹ̀ le?"

"Ó ń retí mi," ni Toata wí. Ó gbé ọ̀pá òwú náà sílẹ̀, ó bu kókò sẹ́nu.