Òrí Inú Agolo Sàdíìnì

Ohun tí Louisa sọ kò ní ìtumọ̀ méjì: ẹnikẹ́ni kò ní fá orí òun. Gbogbo agbo-ilé ọkọ rẹ̀ ní Kúdẹtì ló gbọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tí ibà ń bá sọ̀rọ̀. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fárí opó nínú ilé yẹn, kò sì sí ìyàwó tó béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ezekiel ọkọ rẹ̀, aránbàtà ni, ìsàlẹ̀ òkè Màpó ló ń jókòó sí. Àìsàn ló pa á, lọ́dún tí àwọn ṣójà ń fi kòbókò kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni wọ́n ti tú irun Louisa, tí wọ́n sì ní kó jókòó sí yàrá. Opó kò gbọdọ̀ lọ sọ́jà, kò gbọdọ̀ fọ orí, òòyà kò sì gbọdọ̀ kan irun rẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Tó bá wá pé, wọn á wẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, wọn á ní irun náà ti ta kókó, kò ṣeé yà mọ́, àfi kí wọ́n fá a. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà! Àwọn ni wọ́n ba irun jẹ́, àwọn náà ni wọ́n tún ń fi ìbàjẹ́ rẹ̀ dá olórí lẹ́jọ́.

Onídìrí ni Louisa, ó ní ṣọ́ọ̀bù páńkó kékeré kan ní Bẹẹrẹ. Orí ara rẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó gbé orí tiwọn fún un. Síbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń rò. Inú ń bí i. Ó ti tọ́jú ọkọ rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí wọ́n á fi fá a lórí bí olè tí wọ́n mú ní Ọjà'ba.

Comfort, ẹ̀gbọ́n Ezekiel obìnrin, ló ni abẹ tí wọ́n fi ń fárí opó. Ìyá Gbénga ni gbogbo ilé ń pè é, aṣọ ló ń tà. Kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ, àmín rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan àṣà ilé, á ní Jésù kò bá àwọn tẹ agbo-ilé àwọn dó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá Gbénga ti lọ sọ́jà, Kúbúrá tí ilé wọn kọjú sí tiwọn yọjú wá kí Louisa. Òrí ni Kúbúrá ń tà ní Oríta-mẹ́rin.

"Kúbúrá, bá mi mú òrí wá, ojúlówó, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lú. Bá mi mú òróró àgbọn díẹ̀ kún un."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o ti gbàgbé pé wọn ò ní jẹ́ kó o fi kanrí ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ mí ni mo fẹ́ lò ó. Kí wọ́n tó yọ abẹ, òòyà á ti kọjá nínú irun yìí."

"Louisa! Wàhálà lò ń wá o."

"Mo jókòó jẹ́ẹ́, òun ló wá mi wálé."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Louisa yọ́ òrí àti òróró àgbọn pọ̀, ó dà á sínú agolo sàdíìnì, ó gbé e ti ìkòkò omi. Ó ṣì í ṣe. Ìgbà ọyẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dì fúnra rẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n wà, páànù orí ilé gbóná débi pé aláǹgbá kò dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń ṣàn nínú agolo bí ọbẹ̀ tí kò ki. Òróró tó ń ṣàn kò sì wúlò fún kókó irun: ọrùn ló máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀, kókó á sì wà níbẹ̀ ní gbígbẹ. Ohun tó le ló ń fẹ́, tó lè dì mú, kó máa fi ra irun tútù díẹ̀díẹ̀.

Ó ronú títí. Ojú rẹ̀ wá lọ sí àpótí iṣẹ́ Ezekiel ní igun yàrá. Òwú aránbàtà kì í wọ inú awọ dáadáa àfi tí wọ́n bá fi ìda oyin ra á. Ó ṣí àpótí náà, ó sì bá ìda yẹn níbẹ̀, ó tó ẹyin adìyẹ, ipa òwú ṣì wà lára rẹ̀. Louisa bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti kú, ẹkún tí wọ́n ní kó sun ló ti ń sun. Èyí ni tirẹ̀. Nígbà tó sun ún tẹ́rùn, ó nu ojú, ó mú ọ̀bẹ, ó sì rẹ́ ìda náà wẹ́wẹ́.

Kò gbé e ka iná tààrà, nítorí òrí tó bá jóná, òórùn rẹ̀ kò ní ṣeé gbé sórí. Ó gbé abọ́ sínú ìkòkò omi tó ń hó. Ìda ló kọ́kọ́ fi sí i, torí òun ló máa ń pẹ́ kó tó yọ́, lẹ́yìn náà ló da òrí àti òróró inú agolo lé e. Ó ń fi igi rò ó, ó sì ń kán an sẹ́yìn àwo tútù, ó ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí èékánná wọlé díẹ̀ tí kò sì rì, ó mọ̀ pé ó ti tó.

Ibi tó ti ń dà á sínú agolo ni Ìyá Gbénga wọlé, ó ti dé láti ọjà ṣáájú àkókò.

"Ta ló ń yọ́ òrí nílé opó?"

"Èmi ni, mà." Louisa kò bò ó mọ́lẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Irun mi ni mo fẹ́ fi yà lọ́jọ́ tí oṣù bá pé. Mi ò fá a, mà."

"Ìwọ ìyàwó yìí! Wọ́n fá tèmi náà nígbà tí bàbá Gbénga kú. Ṣé mo kú ni?"

"Ẹ ò kú, mà. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n bi yín? A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé, ó ní òun ò fẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ba Ìyá Gbénga níbi tí kò fẹ́ kó ti ba òun. Ìbínú ló fi dáhùn. "Ó dáa. Bí òòyà bá gba iwájú orí rẹ kọjá dé ìpàkọ́ láìdúró, màá pa abẹ mi dé. Bó bá dúró níbì kan ṣoṣo, fífá ni."

"Mo gbà, mà."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, gbogbo ìyàwó ilé péjọ sí ẹ̀yìnkùlé. Louisa kúnlẹ̀, Kúbúrá ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lórí. Louisa fúnra rẹ̀ yọ òrí dídì náà nínú agolo, ó ń fi ra irun rẹ̀ láti ṣóńṣó wá sí ìdí, ó ń fi ìka tú u. Kò kánjú. Irun tó ti gan papa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, kókó sì ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyàwó kéékèèké sún mọ́ ọn láti wò ó.

Ìyá Gbénga fúnra rẹ̀ ló gba òòyà. Kò rọra. Ó tì í wọlé níwájú orí, ó kọjá. Ó tì í láàárín, ó kọjá. Ó dé ìpàkọ́, òòyà há.

"Ó dúró," ó wí, ó sì ṣí abẹ.

Louisa na ọwọ́ sẹ́yìn, ó rọra gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Gbénga kò sì tètè mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Louisa fọwọ́ wá kókó náà rí, kò ju èso àgbáyun lọ, ó gé e, ó sì fi lé àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Gbénga.

"Ibi tó dúró nìyẹn, mà. Ti ẹbí ni. Èyí tó kù, tèmi ni."

Ìyá Gbénga wo kókó irun náà. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ kejì.

"Dá abẹ mi padà."

Louisa dìde, omi ń kán lára irun rẹ̀. Ó pa abẹ náà dé, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ta lẹ tún fẹ́ fá, mà?"

Àwọn ìyàwó kéékèèké fọwọ́ kan irun orí tiwọn, wọ́n gbójú sókè wo Ìyá Gbénga, gbogbo wọn ń retí ohun tó máa fọ̀.