Ewé Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Nhia

Àwọn àlejò láti ìlú Chiang Mai fẹ́ràn láti ya Gao Lia ní fọ́tò láàárín ebè sitọ́bẹ́rì ní oko àkànṣe ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé agbọ̀n sókè díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn Hmong, ẹ̀yà Gao Lia, èyí tí wọ́n ń yá àlejò lẹ́nu géètì, bi í pé, "Àbúrò, ibo nilé yín?"

Gao Lia nawọ́ sí òkè tó kọjú sí oko àkànṣe náà, níbi tí èéfín ti ń rú lórí òrùlé. "Ọ̀hún ni."

"Ẹ ò mà jìnnà sílé rárá!"

Gao Lia bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká sitọ́bẹ́rì lọ. Yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ló ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíì, ó sì ti da ẹrù rẹ̀ síta. Ọmọbìnrin tó bá ti lọ sílé ọkọ kì í ṣe ti àwọn alálẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ó lè yà kí wọn, ó lè jẹun, ṣùgbọ́n kò lè padà wá gbé ibẹ̀, àfi bí olórí ilé bá pa adìẹ, tó sì sọ fún àwọn alálẹ̀ pé ọmọ ti dé. Bàbá ti kú. Nhia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni olórí ilé báyìí. Gao Lia ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́. Èsì tó rí gbà kò ju pé, "Kó wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀."

Ó gun òkè náà lọ nínú kùrukùru, pẹ̀lú agbọ̀n sitọ́bẹ́rì lẹ́yìn. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún Nhia sí kábéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kábéèjì sì ń gbọ́.

Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ewé tútù ni wọ́n so mọ́ òpó. Ilé ń ṣe èèwọ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ó yẹ kó dúró, kó béèrè sókè, kí àwọn ará ilé dá a lóhùn. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè. Ó la ẹnu. Ó gbóòórùn adìẹ tó ń hó. Ó gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ní, "Àlejò, má wọlé," ibo ni yóò gbé etí rẹ̀ sí?

Ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀, oòrùn ràn, ọjọ́ púpọ̀ kọjá lẹ́yìn náà. Láti ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, ó ń wo òkè ọ̀hún títí iná wọn á fi kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tí ọkọ̀ kábéèjì Nhia wá sí oko àkànṣe, Bau ìyàwó rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́ ni, àbí ẹnu?"

"Ìyàwó wa, mo rí ewé."

"O rí ewé! Ta lo rò pé wọ́n so ó fún?" Bau pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ni! Adìẹ rẹ ló wà lórí iná. Àgbà ti jókòó. À ń retí kí o béèrè, ká lè ní, 'Wọlé, ọmọ ilé ni ọ́.' Agbọ̀n la jáde wá bá!"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀? Ṣé o béèrè? Nhia bínú, ó ní kí n tú ewé náà. Ìyá ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun á fọ́ ọ létí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Aládùúgbò kankan ò lè wọlé mọ́. Iyọ̀ tí mo yá wọn, wọn ò rí ọ̀nà dá a padà!"

Gao Lia fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Má sunkún sórí kábéèjì mi o, wọ́n á ní ó ti rà."

Nígbà tí wọ́n kó kábéèjì tán, ó jókòó sáàárín àwọn àpótí òfìfo lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Bau gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ó fi í sílẹ̀ níta, òun nìkan. Ewé náà ti gbẹ, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú atẹ́gùn.

"Ṣé ilé yìí ń ṣe èèwọ̀?"

Ohùn rẹ̀ kéré jù. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un béèrè, sókè.

Ìyá wúkọ́ nínú ilé. "Ó ń ṣe èèwọ̀ fún àlejò. Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

Nínú ilé, adìẹ kan fi igbe ta lọ́wọ́ ẹni tó mú un.